Èmi Ni Mo Ní Kí Wọ́n Sin Ín Sóko

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bú mi. Ilé tí mò ń gbé ní Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ilé bàbá mi. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó sọ ọ́ di tiwa. Mo ti gbé e sínú títí, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ kan tí wọ́n bẹ̀ mí lọ́sẹ̀ tó kọjá kò jẹ́ kí n lè jẹun mọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Àgbà, ló kọ́ ilé náà. Dúpẹ́ nìkan ló bí. Nígbà tó kó lọ sídìí kòkó rẹ̀ ní Arimọgíjà, ó ní kí bàbá mi máa bá òun ṣọ́ ilé. Kó máa ṣọ́ ọ ni o, kò ní kó gbà á.

Ibẹ̀ ni mo forí lé nígbà tí ọkọ lé mi jáde tọmọtọmọ.

Lọ́jọ́ tí àwọn ará oko wá, bàbá mi lọ sí Uso, èmi ni wọ́n bá. Wọ́n ní Bàbá Àgbà ti papò dà, àti pé ó ní inú yàrá òun nílé ni kí wọ́n sin òun sí.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n bá sin sínú ilé ni wọ́n ń kà sí onílé, ọmọ rẹ̀ ló sì ń jogún ibẹ̀. Níbo ni èmi àtàwọn ọmọ mi fẹ́ gbà? Ni mo bá la ẹnu burúkú yìí: “Wolé-wolé ti fòfin dè é. Ẹ̀wọ̀n ni. Ẹ sin ín sóko lọ́hùn-ún.” Irọ́ gbuu! Wolé-wolé tó ń wá yẹ ìkòkò omi wa wò kò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí bàbá mi dé, mo ní wọ́n ti sin ín kí wọ́n tó wá sọ fún wa. Ó sunkún, ó ṣépè fún wọn. Mo ń wò ó.

Ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi náà kú. Èmi yìí kan náà ni mo fẹsẹ̀ janlẹ̀ pé inú yàrá ńlá ni kí wọ́n sin ín sí. Kò sẹ́ni tó béèrè wolé-wolé lọ́wọ́ mi.

Dúpẹ́, tó ṣì kéré lóko nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, dàgbà, ó wá béèrè ilé bàbá rẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí ní, “Bàbá ta ló sùn síbẹ̀?” Ó ní oko ni tòun wà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Wọ́n fún un ní yàrá kékeré kan lẹ́yìnkùlé. Ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi kó tó dáná, èmi náà sì ń yan fanda bí onílé. Ojú ò tì mí!

Ní báyìí, ara rẹ̀ ti wú. Ọsibítù ní ká máa gbé e lọ sílé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló dì mí lọ́wọ́ mú: “Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ilé yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá kú, ẹ má gbé mi lọ sóko. Ẹ sin mí sí igun kan níbí.”

Àkọ́bí mi gbọ́, ó ní òkú àlejò kò ní sùn nílé bàbá ìyá àwọn.

Bí mo bá jẹ́wọ́, àwọn ọmọ mi á di aláìnílé. Bí mo bá dákẹ́, mo tún sin ín sóko bí mo ṣe sin bàbá rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Mo ní kí Dúpẹ́ jẹ́ kí n rò ó. Ó fi ẹsẹ̀ wíwú yẹn kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.