Ṣíbí Omi Gọ́tà Kan

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ má bínú pé mo jókòó sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ mi ti wú, kíndìnrín mi méjèèjì ti ń kọṣẹ́ sílẹ̀, dókítà sì ti bá ọmọ mi obìnrin sọ ohun tí wọn kò fẹ́ kí n gbọ́. Ṣùgbọ́n etí mi kò tíì ṣàìsàn. Ẹ pe ìpàdé yìí kí ẹ lè dìbò bóyá kí ilé kọ̀ọ̀kan máa fúnra rẹ̀ yan ẹni tí yóò máa fún un lómi, tàbí kí gbogbo wa ṣì wà lábẹ́ Ilé-Omi bí a ti wà. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, inú gbọ̀ngàn yìí náà la jókòó sí, ọ̀rọ̀ yìí náà la dìbò lé lórí. Irọ́ ló wà nídìí ìbò yẹn. Èmi ni mo pa á. Kí ẹ tó tún nawọ́ sókè lónìí, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Ẹ mọ̀ mí sí Ìyá Aláyẹ̀wò. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo lò ní yàrá àyẹ̀wò Ilé-Omi. Èmi ni mò ń bu omi sínú ìgò, tí mò ń wò ó bóyá ó mọ́, èmi náà ni mò ń fọwọ́ sí ìwé. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Bí mo bá ń kọjá ládùúgbò, àwọn ọmọdé á máa pariwo pé, "Ìyá Aláyẹ̀wò, ṣé omi ti mọ́?" Èmi á ní, "Ó mọ́ ju ojú yín lọ." A ó jọ rẹ́rìn-ín. Mo gbádùn rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Nígbà náà ni ọkùnrin agbẹ́kànga kan gbé omi tirẹ̀ dé. Ẹ rántí rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Kànga-ò-gbẹ. Ó gbẹ́ kànga jíjìn sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó gbé táǹkì mẹ́ta sókè, ó sì ń fa páìpù wọ ilé àwọn tó wà nítòsí. Omi rẹ̀ kì í dá. Tiwa ní Ilé-Omi, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń yọ, ìyẹn bó bá wù ú. Ni àwọn ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, "Kí ló dé tí a ò lè yan ẹni tí a fẹ́?" Ìgbìmọ̀ ìlú ní kí a dìbò, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ yẹ omi Kànga-ò-gbẹ wò. Yàrá àyẹ̀wò kan ṣoṣo ló sì wà, tiwa ni. Wọ́n ní kí ológbò wá dá ẹjọ́ eku.

Ọ̀gá mi pè mí sí ọ́fíìsì, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Ìyá Aláyẹ̀wò, bí wọ́n bá ní kí ilé kọ̀ọ̀kan yan ẹni tó fẹ́, ta ni yóò yàn wá?" Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Yàrá àyẹ̀wò yín ni wọn yóò kọ́kọ́ tì pa." Mo ní, "Ọ̀gá, kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?" Wọ́n ní, "N kò sọ pé kí ẹ ṣe nǹkan kan o. Mo kàn ní kí omi yẹn má yege." N kò ní di ẹ̀bi ru ọ̀gá. Wọ́n ti kú, òkú kì í rojọ́, ọwọ́ tèmi sì ni ìgò wà. Mo tilẹ̀ wá àwáwí tó dùn létí ara mi. Mo ní omi kì í ṣe ọjà tí a ń kiri. Mo ní bí àwọn tó wà nítòsí bá bá Kànga-ò-gbẹ lọ, ta ni yóò gbé omi gun òkè fún àwọn tó ń gbé lókè? Ọ̀rọ̀ gidi ni o. Ǹ bá ti dìde sọ ọ́ níbí, kí ẹ fi òye yín wọ̀n ọ́n. N kò sọ ọ́. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo gbà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, mo lọ bu omi náà. Kànga-ò-gbẹ gbé àga fún mi, ó nù ún. Ó fi iná jó ẹnu ẹ̀rọ kí kòkòrò má bàa wà níbẹ̀, ó jẹ́ kí omi ṣàn díẹ̀, bí ìlànà ti wí. Ó bu ife kan, ó gbé e mu, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí àwọn ọmọ mi ń mu náà nìyí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bí àléébù bá wà níbẹ̀, ẹ sọ fún mi kí n tún un ṣe." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé ìgò méjì. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ọgbà Ilé-Omi, mo bẹ̀rẹ̀ létí gọ́tà, mo fi ṣíbí tí mo fi ń ro tíì bu omi dúdú yẹn, mo pín in sínú ìgò méjèèjì, mo dé wọn, mo gbọ̀n wọ́n. Omi náà kò tilẹ̀ yí àwọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kòkòrò ti hù lójú àwo àyẹ̀wò bí èépá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Kò ṣeé mu." Mo fọwọ́ sí i. Bí mo ṣe ń fọwọ́ sí gbogbo ìwé ni mo ṣe fọwọ́ sí i, ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí títí di òní.

Ẹ mọ bó ṣe rí lẹ́yìn náà. Kànga-ò-gbẹ dìde níbí, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tún un yẹ̀ wò." Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Jókòó, apànìyàn!" Ẹ yíjú sí mi, ẹ ní, "Ìyá Aláyẹ̀wò, ṣé òótọ́ ni?" Mo ní, "Ìwé kì í parọ́." Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè fún Ilé-Omi. Kí oṣù náà tó parí, ẹ ti hú páìpù rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ sì ti dí kànga rẹ̀ pa.

Bí ó bá ṣe pé ibẹ̀ ló mọ, bóyá ǹ bá gbé e sínú lọ sí sàréè. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í dá rìn. Lọ́dún kejì, òjò rọ̀ bí ẹni fi garawa dà á, páìpù ńlá wa tó gba abẹ́ gọ́tà kọjá sì lu. Mo yẹ omi wa wò ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, irú kòkòrò kan náà ni mo rí, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, èmi kọ́ ni mo dà á sí i. Mo sáré lọ bá ọ̀gá. Wọ́n ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì la ó fi tún un ṣe. Ẹ kọ ọ́ pé ó mọ́." Mo ní, "Àwọn ènìyàn ńkọ́?" Wọ́n ní, "Níbo ni wọn yóò lọ?" Nítòótọ́, níbo lẹ ó lọ? Èmi náà ni mo ti ilẹ̀kùn kejì. Mo kọ ọ́ pé ó mọ́.

Mo dé ilé, mo gbé omi kaná. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì, èmi àti ọmọ mi kò fi omi tí a kò sè kan ẹnu. Mo parọ́ fún un pé ọ̀fun ló ń dùn mí. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Ìbejì tí ilé wa jọ kọjú síra kan ilẹ̀kùn, ife wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ìbejì, mo rí ọ níbi tí o jókòó sí. Má sorí kọ́. Èmi ló yẹ kí n sorí kọ́. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbóòórùn omi yìí. Ó ń ṣe mí bákan. Ṣé kí n fún àwọn ọmọ?" Ìkòkò mi ń hó lórí iná lẹ́yìn mi. O tilẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, o ní tíì ni mò ń mu láàárọ̀ lálẹ́ bí ìyàwó olówó. Mo gba ife náà, mo fi imú sí i, mo ní, "Kò sí nǹkan kan. Fún wọn." O ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ̀ ọ́n." O lọ. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ péré ló wà láàárín ẹnu ọ̀nà mi àti tìrẹ. Mo ti kà á lọ́pọ̀ ìgbà. N kò pè ọ́ padà.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn méjèèjì. Ọ̀kan yè é. Títí di òní, Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè ọ́, o sì ń jẹ́ ẹ. Èmi ni mo bá ọ ká aṣọ èyí tó kú. O sunkún lé èjìká mi, o ní oúnjẹ tí o rà fún wọn lójú ọ̀nà ni, o ní ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ pa ọmọ rẹ. Mo gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe láyé, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló burú jù.

Lọ́jọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, ọmọ mi gbé mi lọ bá Kànga-ò-gbẹ ní ilé-ìwé tó ti ń tún ẹ̀rọ omi ṣe. Mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo fún un. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ títí, ọwọ́ tó ti mọ́ tipẹ́. Ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé omi tí mò ń mu lójoojúmọ́ ni n kò ní mọ̀?" Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ?" Ó ní, "Mo sọ. Ìwé yín ni wọ́n gbà gbọ́." Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó gbá mi lápá mú. Ó ní, "Kànga lẹ dí mọ́ mi lọ́wọ́, mo ṣì wà láàyè. Ẹ lọ sọ ọ́ níwájú ẹni tó sin ọmọ."

Ìdí tí mo fi wá nìyí. N kò wá sọ pé kí ẹ yan olómi tàbí kí ẹ má yàn. Bí ẹ bá ní olómi mẹ́wàá, tí ẹnì kan bí èmi sì ń dá yẹ omi wọn wò, asán ni. Bí ẹ bá sì fẹ́ wà lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á jẹ́ ọ̀gá ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ yìí ń bọ̀ lọ́wọ́ yín, kò sẹ́ni tí yóò ní kí ẹ pa ènìyàn. Wọn yóò kàn ní kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjì sórí ìwé. Ẹ má kọ ọ́. Mo ti kọ tèmi sílẹ̀, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé àdúgbò. Bí ẹ bá fẹ́ pe ọlọ́pàá, ẹ pè wọ́n, mo wà nílé.

Ìyá Ìbejì, n kò lẹ́nu láti ní kí o dárí jì mí lónìí. Ohun kan ni mo ń bẹ̀ ọ́: má sọ ọ́ mọ́ láéláé pé ìwọ lo pa á. Bí o bá délé, sọ fún èyí tó kù pé ìyá wọn gbóòórùn omi náà, ó béèrè, èmi ni mo parọ́ fún un.