Ọmọ Tí Mo Fà Padà Sílé Gàníyù

Fàúsátù, dáwọ́ iṣẹ́ yẹn dúró ná, kó o jókòó. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi. Ọjọ́ ti lọ lórí mi, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fi oríkì àgbà rere sin òpùrọ́. Ní Ajah níbí, ọmọ tí ilé bá sú, ọ̀dọ̀ àgbà ló ń sá lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ nà án níbẹ̀. Àgbà á bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, á sì fọwọ́ ara rẹ̀ fà á padà sílé. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń sá wá. Gbogbo wọn ni mo dá padà, ni wọ́n bá ń pè mí ní Bàbá Alátùn-únṣe. Orúkọ yẹn ń pa mí bí ọtí. Òmùgọ̀ àgbà ni mí: mi ò padà lọ wo ọmọ kankan rí.

Lásìkò ogun Biafra ni ìwọ Fàúsátù wọlé tọ̀ mí wá, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ìyá rẹ ti kú, Gàníyù bàbá rẹ sì ń fi okùn àwọ̀n nà ọ́. O kúnlẹ̀, o ní kí n má dá ọ padà, kí n ránṣẹ́ sí Sàdíátù, àbúrò ìyá rẹ, ní Ẹ̀pẹ́. Mo ránṣẹ́ lóòótọ́, torí mo rò pé kò ní dáhùn.

Ọjọ́ kẹrin ló fi ọkọ̀ ojú omi dé, ó gbé ẹní tuntun dání. Ó ní yàrá kan lòun ní, àmọ́ ó gba ẹni méjì, òun á sì fi ọ́ sílé ìwé. Mo wò ó tìkà tẹ̀gbin. Obìnrin tó kọ ọkọ sílẹ̀, òun ni yóò gba ọmọ lọ́wọ́ mi? Ṣé kí ayé wá sọ pé èmi Odùbánjọ kò lè tún ilé Gàníyù ṣe? Ẹ̀yìnkùlé lo wà, ò ń yan ẹja. Mo sọ fún Sàdíátù pé, “Ó ti padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ rí ọ sójú.” Ó nu ojú, ó ní kí n bá òun kí ọ, ó sì wọ ọkọ̀ padà.

Èyí tó burú jù rèé. Mo kọjá sẹ́yìnkùlé, mo ní, “Àbúrò ìyá rẹ ní òun kò láyè fún ọ.” O kò sunkún. O ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ gbìyànjú fún mi.” Mo fà ọ́ lọ́wọ́ lọ sílé Gàníyù lọ́sàn-án gangan, kí gbogbo ayé lè rí mi. Gàníyù dọ̀bálẹ̀ fún mi, inú mi dùn. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, okùn yẹn ti fọ́ ọ lójú ọ̀tún. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo mú kí tìrẹ wọ́.

Láti ìgbà náà lo ti ń tọ́jú mi, o rò pé èmi nìkan ni mo ṣàánú rẹ. Nígbà tí Sàdíátù kú lọ́dún tó kọjá, o kò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Mo gbọ́ bó o ṣe sọ pé ẹni tó kọ̀ ọ́ ni, mo sì gbé ẹnu mi dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, bí ọmọ ọlọ́mọ bá sá wá bá yín, ẹ bi í léèrè ibi tó fẹ́ lọ, kí ẹ sì gbà á gbọ́. Mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì, bí mi ò tilẹ̀ yẹ fún un. Fàúsátù, Sàdíátù kò kọ̀ ọ́. Ó wá mú ọ.