Ohùn Yísà Ògúnsànyà Dé Ọjà Olúwo

Alága wa, Alàgbà Ọláṣẹ́gun, mo kí yín níbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì mi yìí. Ẹ̀yin àgbà Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ojú omi, mo júbà. Àlàájà Kúlúsúmù, ìyàwó Yísà, ọ̀rẹ́ mi tó ti lọ, mo rí yín o.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu ṣì ń yà mí! Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé Yísà Ògúnsànyà ló fi èdè C kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí omi ọ̀sà yóò ṣe rí. Ó ti sọ ọ́ di èdè tí ẹ̀rọ nìkan gbọ́, a ò sì rí èyí tó fọwọ́ kọ mọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń ka ohun tí ètò náà bá sọ sójú kọ̀ǹpútà, tí mo ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Tí mo bá wá fẹ̀yìn tì ńkọ́? Ta ni yóò máa kà á fún yín?

Wùnmí, ọmọ Ìgbògbò tó ń bá mi ṣiṣẹ́, ní òun yóò fi Páítọ́n, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, pe ètò náà, kí iṣẹ́ máa lọ fúnra rẹ̀. Ó pè é, ó jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọ̀rọ̀ bọ́ sí; ọwọ́ Páítọ́n ṣófo. Inú máa ń tètè bí mi, ẹ forí jì mí. Mo ní kó fi sílẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ fara balẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ni Páítọ́n ń ṣọ́. Ìsàlẹ̀, lọ́dọ̀ ẹ̀rọ gan-an, lètò Yísà ń gbà jáde."

Ó darí ọ̀nà ìsàlẹ̀ yẹn sínú fáìlì. A ṣí fáìlì, òfìfo ni! Àṣé ètò náà kó ọ̀rọ̀ sẹ́nu, kò tíì tu ú. Wùnmí pàṣẹ kó kọ́kọ́ tu ú kí òun tó ti ọ̀nà, ni gbogbo rẹ̀ bá jáde. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ṣé ẹ rí i, lẹ́yìn ìṣirò, Yísà fi ìkíni kan sí ìparí. Mo máa ń kà á, mo máa ń dáhùn pé, "Àmín, ọ̀rẹ́ mi," n kì í sì í tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi. Wùnmí ò mọ̀. Fáìlì gba gbogbo rẹ̀, Páítọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Ọjà Olúwo, ọlọ́kọ̀ kan kà á sétí Àlàájà nídìí ẹja: "Omi fara balẹ̀. Ẹ lọ re, kí ẹ bọ̀ láyọ̀. Yísà ló kí yín."

Àlàájà, ẹ ní ńṣe lẹ jókòó, tí ẹ ní kó tún un kà. Ọlọ́run tóbi! Wùnmí bi mí bóyá kí òun yọ ìkíni yẹn kúrò. Mo ní, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ gbogbo yín tó ń wọ omi. Kí ohùn wa má parẹ́ lẹ́yìn wa. Èmi Adéòjó ń lọ sílé. Ẹ lọ re, kí ẹ bọ̀ láyọ̀. Ẹ ṣé o.