Bí Mo Ṣe Fi Ẹnu Pa Ẹ̀gbọ́n Jìbírílù Nítorí Pontiac

Nínú gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Chicago, láti Uptown títí dé Matteson, èmi nìkan ni mo fojú ara mi rí bí mọ́tò Pontiac yẹn ṣe kú. Mo ti gbé e mì títí ikùn mi fẹ́ bẹ́, ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ lónìí. Orúkọ mi ni Tàjùdéèn Ọmọ́yẹlé. Kò sí ẹni tó mọ mọ́tò àtijọ́ tó mi ní Amẹ́ríkà yìí. Tí ẹ́ńjìnnì bá húkọ́ ní Wisconsin, màá sọ ọdún tí wọ́n ṣe é fún yín látorí bẹ́ẹ̀dì mi. Mo mọ̀ pé mo máa ń bu iyọ̀ sọ́rọ̀. Eléyìí ò níyọ̀ nínú.

Ẹ̀gbọ́n Jìbírílù Adéògún ló gbà mí sílé nígbà tí mo dé ní 1983. Yàrá kan ṣoṣo la jọ ń gbé ní Uptown, àwọn lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi lórí kúṣìn. Ọsibítù ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ti aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́, double shift, wọn ò ra kóòtù, wọn ò ra bàtà. Mọ́tò kan ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ fún ara wọn lọ́rùn. Bàbá wọn ní Ìsẹ́yìn ti ṣe dírẹ́bà fún oníkòkó ńlá kan rí. Pontiac Chieftain ni mọ́tò ọ̀hún. Bàbá wà á títí ojú bàbá fi ń ṣe bàìbàì, síbẹ̀ ọ̀gá ò jẹ́ kó fìdí kan owner's corner lẹ́yìn rí. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n ń wá ni irú ọkọ̀ yẹn gan-an, bó tilẹ̀ ti bàjẹ́, kí àwọn tún un ṣe, kí àwọn fi ránṣẹ́ sílé, kí bàbá jókòó sẹ́yìn kí ẹlòmíì máa wà á. "Tàjù," wọ́n á ní, "kí bàbá tó kú ni o. Tí wọ́n bá kú tán, irin lásán ni."

Gbogbo Saturday la máa ń wọ Datsun Ẹ̀gbọ́n, ká máa yọjú sí gáráàjì onígáráàjì. Tá a bá ti rí tapólì tí táyà yọ lábẹ́ ẹ̀, ó di ká kanlẹ̀kùn. Èmi ni elẹ́nu dídùn. Mo lè ta yìnyín fún ẹni tó ń gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí i nílé opó kan ní Matteson, òyìnbó arúgbó kan tó ń jẹ́ Mrs. Augustine. Pontiac Chieftain 1954, ère orí Indian kan, àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wà níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, abẹ́ ẹ̀ ti dógùn-ún. "Ọkọ mi ló ń tún un ṣe kó tó kú," ni màmá wí. "Ẹni tó máa jí i dìde ni mo fẹ́ tà á fún." Ẹ̀gbọ́n ti ń fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ bí màmá ṣe dá iye lé e, ọjà ilé gbé Ẹ̀gbọ́n wọ̀. Ṣé nílé, èèyàn kì í yin ohun tó fẹ́ rà. Ẹ̀gbọ́n tapá sí táyà. "Màmá, eléyìí ti jẹrà. Ta ló bà á jẹ́ báyìí? Ẹ sọ iye tẹ́ ẹ máa gbà gan-an." Ni wọ́n bá kẹ̀yìn, wọ́n ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí màmá lè pè wọ́n padà. Màmá ò pè wọ́n. Ojú ẹ̀ ti kún fómi, ó fa ilẹ̀kùn gáráàjì wálẹ̀. Nínú Datsun, Ẹ̀gbọ́n bi mí, "Wọn ò tíì pè wá?" "Wọn ò pè wá." "Wọ́n á pè." Nígbà tó yé wọn pé ọ̀rọ̀ wọn ti dun màmá, ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n lè padà.

Èmi padà. Mo fi Ọlọ́run búra, ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ lọ bá wọn bẹ̀. Mo wọ tireènì, mo dé ibẹ̀, màmá ká tapólì kúrò, oòrùn bọ́ sórí Indian yẹn, ṣàìtáánì sì jókòó sí mi léjìká. Màmá ní, "Ọ̀rẹ́ rẹ tó bú iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi ńkọ́?" Mo ní, "Màmá, ó ti kú." Ẹni tí mo sùn sílé ẹ̀! Ẹni tó ń ti aláìsàn lọ́wọ́ báyẹn! Ẹnu mi ò tiẹ̀ dúró níbẹ̀. Mo ní ọkàn ẹ̀ ló dáwọ́ dúró, mo ní ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ló ń dùn ún títí tó fi kú, mo ní ó ní kí n tún mọ́tò yẹn ṣe lórúkọ òun. Màmá sunkún bí ẹni pé òun ló bí i. Ó fún mi ní búrẹ́dì àti ẹran, ó tà á fún mi ní iye tí ò tó nǹkan kan.

Mo gba gáráàjì kan ní Richton Park, mo tì í mọ́bẹ̀. Ẹ wá wò ó: èmi Tàjù, tó jẹ́ pé bí mo bá ra sọ́kì gbogbo Uptown á gbọ́, mo ra mọ́tò tó dára jù láyé, mi ò sì gbọdọ̀ sọ fún alààyè kankan. Màá lọ jókòó sídìí sítíárìn, òtútù á máa fi èémí mi kun gíláàsì, màá máa fọ́nnu fún dáṣíbọ́ọ̀dù. Kò dá mi lóhùn. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tú kábúrétọ̀. Òótọ́ nìyẹn náà. Tí mo bá délé, Ẹ̀gbọ́n á ti gbé ẹ̀bà mi pamọ́. "Níbo lò ń lọ ná?" "Ọmọbìnrin kan ni." "Bá mi kí i o. Sọ fún un pé oúnjẹ rẹ ń tutù."

Ìgbà tí yìnyín yọ́, Ẹ̀gbọ́n ní, "Gbéra, a ń lọ Matteson. Mo fẹ́ lọ bẹ màmá yẹn." Mo ní ara mi ò yá. "O lè máa ṣàìsàn nínú mọ́tò." Bí màmá ṣe ṣílẹ̀kùn, ó rí òkú lẹ́nu ọ̀nà. Kó tó lanu, Ẹ̀gbọ́n ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. "Màmá, ẹ má bínú. Nílé tiwa, ohun tá a bá fẹ́ gan-an la máa ń bú." Màmá kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ojú Ẹ̀gbọ́n, ó ń fọwọ́ kan èjìká wọn, omijé ń dà. Ẹ̀gbọ́n rò pé ọkọ ẹ̀ ló rántí, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá." Màmá wá gbójú sókè, ó wò mí. Ó padà kọjú sí Ẹ̀gbọ́n. Ó ní, "Ọmọ mi, mo ti tà á. Ẹni tó rà á ní èèyàn òun kan kú." Ẹ̀gbọ́n ní, "Ọlọ́run á tu onítọ̀hún nínú."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Ẹ̀rù ló bà mí pé màmá á sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn, tí wọ́n á wá mọ́tò náà kàn lọ́wọ́ mi. Mo ní kí wọ́n wọ́ ọ lọ sí ọgbà tí wọ́n ti ń fọ́ àlòkù mọ́tò. Ọ̀gbẹ́ni tó wà nídìí ẹ̀rọ bi mí, "Ṣé ó dá ẹ lójú? Eléyìí ṣì ṣeé jí o." Mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Gíláàsì iwájú ló kọ́kọ́ ké, òrùlé wọlé, àga ẹ̀yìn wá fọ́ wẹ́wẹ́ lábẹ́ ẹ̀. Kó tó di oṣù tó tẹ̀ lé e, tẹlifóònù dún láti Ìsẹ́yìn. Bàbá ti kú, wọ́n sì ti sin wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì tìbàtà-tìbàtà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀, mi ò fi ẹyọ kan pamọ́. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, ẹkún wà nínú ẹ̀. "Tàjù. Ìwọ tó ò lè pààrọ̀ táyà? O kàn fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín ni." "Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni." "Ó ti tó. Gbé omi tíì kaná." Mo pe nọ́ńbà màmá Matteson kó lè jẹ́rìí, wọ́n ti já a, aládùúgbò ẹ̀ ní ó ti kó lọ bá ọmọ ẹ̀ ní Arizona. Ẹ̀gbọ́n wá padà sílé pátápátá. Mo gbọ́ pé Ẹ̀gbọ́n ń ròyìn mi fáwọn èèyàn ní Ìsẹ́yìn, pé mo hun ìtàn ńlá kan láti fi tu àwọn nínú lọ́jọ́ ọ̀fọ̀, ìyá wọn sì ń ṣàdúà fún mi. Èmi nìkan ló kù nínú yàrá. Bẹ́ẹ̀dì ṣófo, mo ṣì ń sùn lórí kúṣìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ẹnu yín ṣeré bí mo ṣe ṣe, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ òótọ́, kò ní sí ẹni tó máa rà á. Ẹ̀gbọ́n ò lè dárí ohun tí wọn ò gbà pé mo ṣe jì mí. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ń lọ sí Ìsẹ́yìn, kó bá mi sọ fún wọn pé mo ṣe é. Àmọ́ ẹ̀yin gan-an ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà mí gbọ́. Ẹ gbà mí gbọ́.