Aró Tó Ṣá Nínú Ìgò

Nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, ọkọ kan àti ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú mi nínú ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà tó ń ti Èkó bọ̀ wá sí Ọ̀tà. Ìyàwó gbé ẹrù lé itan. Ilé bàbá rẹ̀ ló ń padà sí.

"Kì í ṣe pé mo pa ọ́ tì," ni ọkọ ń wí. "Iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ni. Ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń mú kí iṣẹ́ inú ara yá, la yọ nínú ẹ̀dọ̀ màlúù tí a ń wọn agbára rẹ̀. A ó pò ó mọ́ aró òyìnbó nínú ìgò, a ó dé e pinpin. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni aró náà ń ṣá, títí yóò fi mọ́ gaara bí omi. Mo ní láti jókòó tì í, kí n wo bó ṣe yá tó."

"Tí ẹ bá wá ṣí i ńkọ́?"

"Háà! Atẹ́gùn á wọlé, àwọ̀ aró á padà, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn."

"Aró tó ti ṣá tán?"

"Kò kú. Ó kàn sá pamọ́ ni."

A ti ń rí òrùlé Ọ̀tà. "Kò kú," ìyàwó tún un wí, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló fa ẹrù rẹ̀ mọ́ra.

"Olówó orí mi, ẹ padà sí Èkó. Èmi náà ti ṣá. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn Ọ̀tà fẹ́ sí mi ná."