Èmi Ni Mo Yí Ọ̀rọ̀ Mautin Padà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí láti ọsibítù pé kí n wá túmọ̀ èdè Ègùn fún ẹlòmíràn tó fara pa, pé mo ṣe é dáadáa fún Mautin. Mi ò tíì dá wọn lóhùn.

Ọ̀rẹ́ mi ni Mautin. Topo, létí ọ̀sà, ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, a sì jọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Gẹdú ló yí lu ẹsẹ̀ rẹ̀. Dókítà ní àfi kí àwọn gé e.

Obìnrin ará Èkìtì kan wà ní ọsibítù náà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó bá àwọn òṣìṣẹ́ tó fara pa sọ̀rọ̀, kó mọ bí ọkàn wọn ṣe rí ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbọ́ Ègùn. Yorùbá Mautin kò sì ju èyí tó fi ń nájà lọ. Bí mo ṣe di agbẹnusọ nìyẹn.

"Ẹ bá mi bi í, kí ló ń bà á lẹ́rù jù?"

Mautin ní bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ yẹn, kí òun má jí mọ́. Mo sọ fún obìnrin náà pé ó ti gba kámú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Ẹsẹ̀ náà ti ń rà, mo rò pé bí mo bá sọ ohun tó sọ, wọ́n á sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Ká má purọ́, ojú àwọn àna rẹ̀ ni mo ń wò jù. Ó ku oṣù méjì kó gbéyàwó ní Ikoga, mi ò fẹ́ kí àwọn àna gbọ́ pé ọsibítù ń tọ́jú orí rẹ̀ bíi ti wèrè. Ìtìjú tí kì í ṣe tèmi ni mo ń gbé kiri.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, obìnrin náà tún wá. Mautin ní òun kì í sùn mọ́, kí wọ́n ṣáà dá òun padà sílé, pé ọ̀sà ò jìnnà sílé àwọn. Mo ní, "Ó ní ilé ló ń wu òun." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mautin wò mí. Yorùbá tí mo sọ yẹn kò le ju èyí tó ń gbọ́ lọ; ó yé e. Ó yíjú sí ògiri, kò sì bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi ní kó máa lọ sílé.

Ọjọ́ kẹsàn-án tó délé ni wọ́n yọ òkú rẹ̀ nínú ọ̀sà. Wọ́n ní ọ̀pá tó fi ń rìn ló yọ̀ létí omi. Gbogbo èèyàn gbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà mi orí.

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo ti bá wọn wẹ òkú ọ̀rẹ́ mi, mi ò lè gba òwe yẹn gbọ́ mọ́.

Ìyá rẹ̀ kò yé gbàdúrà fún mi. "Ìwọ lo gbẹnu sọ fún ọmọ mi. Ojú ò ní tì ọ́ láyé." Bí àárò ọmọ rẹ̀ bá sọ ọ́, á ránṣẹ́ pè mí, á ní kí n tún ohun tí Mautin sọ ní ọsibítù sọ fún òun. Irọ́ náà ni mo ń tún sọ. Á nu ojú rẹ̀, á ní kò burú, ilé tó ń wù ú, ó ṣáà délé.

Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá sọ òótọ́ fún un, mo lè pa á. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, àdúrà obìnrin tí mo pa ọmọ rẹ̀ ni màá máa ṣe àmín sí. Ẹ bá mi wí, mo gbà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, kí ni kí n ṣe.