Àga Búlúù Nídìí Kọ̀ǹpútà Ìjọ

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ jáde, kó tètè jáde kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí mi ò ní dá ọ̀rọ̀ dúró nítorí ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Tèmítọ́pẹ́ tó ń kọrin lápá òsì níbẹ̀ yẹn, tí ẹ máa ń sọ pé ẹnu rẹ̀ mú. Ó mú lóòótọ́, ẹ ó sì gbọ́ ọ lónìí.

Ẹ rántí ìgbà tí Bùrọ̀dá Tóbi ṣe ìkànnì ìjọ wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ní ká máa kọ ẹ̀bẹ̀ àdúrà wa síbẹ̀, kó máa lọ tààrà sọ́dọ̀ pásítọ̀. Àwa tí a ò ní fóònù ńlá ń lo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ìjọ. Ó ṣàlàyé fún wa pé tí èèyàn bá ti wọlé, ìkànnì náà á fún kọ̀ǹpútà ní àmì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kúkì. Àmì yẹn ló fi ń mọ̀ pé ìwọ náà ṣì ni. Kò mọ ojú, kò mọ ohùn, àmì nìkan ló mọ̀. Ó ní òun fẹ́ kí àmì náà máa kú bí èèyàn bá ti dìde. Àwa ìyá ìjọ la pariwo lé e lórí! A ní títẹ páàsìwọ́ọ̀dù ti sú wa, ọjọ́ orí ti dé, kó jẹ́ kí ìkànnì máa rántí wa. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni, kò lè bá àgbà jiyàn. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá, ó ti dáa, kò ní gbàgbé yín mọ́."

Ẹ̀bẹ̀ tí mo kọ síbẹ̀, Ọlọ́run àti pásítọ̀ nìkan ló yẹ kó rí i. Mo kọ ọ́ pé Tèmítọ́pẹ́ ọmọ mi ti ní wárápá láti kékeré, pé oògùn ti kápá rẹ̀, pé kí Olúwa fún mi ní ẹnu tí màá fi sọ fún ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kí wọ́n tó wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ẹnu tèmi ni mo bẹ̀bẹ̀ fún o, kì í ṣe ẹnu ẹlòmíì. Mo kọ ọ́ tán, mo dìde lọ síbi ìdánrawò orin, àmì mi sì wà láàyè nínú kọ̀ǹpútà.

Kí n tó rí ẹnu sọ ọ́, ìyá àfẹ́sọ́nà ọmọ mi ti gbọ́. Ó pè mí, ó ní, "Ìyá Tèmítọ́pẹ́, ẹ fẹ́ lù wá ní jìbìtì, àbí?" Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Ọmọ mi wo ojú mi, ó ní, "Mọ́mì, ta lẹ sọ fún?" Mo ní mi ò sọ fún ẹnì kankan. Kò gbà mí gbọ́. Ẹ̀yin ará, ó dùn mí dé eegun.

Mo bọ́ sínú ààwẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí mo ṣe gbàdúrà tán, mo forí lé ẹní, oorun gbé mi lọ. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tí kò wọ bàtà, fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Dìde, wá wo ibi tí ẹ̀bẹ̀ rẹ gbà lọ."

Ó mú mi gba ibì kan tó ṣókùnkùn tó sì gbóná. Mo rí àwọn kan tí yanrìn gbígbóná kún ẹnu wọn, bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, yanrìn ló ń dà jáde. Ó ní, "Òpùrọ́ ni wọ́n." Mo rí àwọn kan tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ilé ara wọn, tí ìyàwó àti ọmọ ń yọjú, tí wọ́n ń bi wọ́n pé, "Ta lẹ̀ ń wá?" Ó ní, "Alágbèrè." Mo rí ọ̀gá kan tí mo mọ̀ nígbà ayé rẹ̀, ẹrù tó ń dì ru àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló wà lórí òun fúnra rẹ̀, kò sì rí ẹni bá a sọ̀ ọ́. Ó ní, "Aninilára."

A dé yàrá gígùn kan, kọ̀ǹpútà wà lọ́tùn-ún lósì, èèyàn jókòó nídìí gbogbo wọn, ojú ẹlòmíì lẹ̀ mọ́ ojú wọn bí ike tó yọ́, wọ́n ń fi èékánná ya á, kò ya, iná ń jó lábẹ́ àga, wọn ò lè dìde, ohùn kan ń ka àṣírí wọn sókè, àṣírí tiwọn, gbogbo ayé ń gbọ́, wọ́n fẹ́ di etí, ọwọ́ wọn ò dé etí, wọ́n ń ké pé, "Ó tó! Ó tó!" kò tó, ohùn náà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Yéè! Mo di ọkùnrin náà mú, mo ní, "Bàbá, àwọn wo nìyí?"

Ó ní, "Àwọn tó jókòó síbi tí ẹlòmíì ti dìde, tí wọ́n jẹ́ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n ka ohun tí a kò kọ sí wọn."

Ìgbà náà ni mo rí àga kan tó ṣófo. Àga ike aláwọ̀ búlúù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti sán, wọ́n fi okùn dì í. Ẹ gbà mí o, àga ọ́fíìsì ìjọ wa ni! Orúkọ mi wà lójú kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ mi wà níbẹ̀ gbalasa. Mo ní, "Ta ló ni àga yìí?" Ó ní, "Gbọ́." Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó kà á dé ibi wárápá, ó ní, "Háà, Àbẹ̀kẹ́ mi."

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ nínú ìjọ yìí. A jọ ń gbààwẹ̀, a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Òun ló dì mí mú lọ́jọ́ tí ọkọ mi kú. Òun náà ló wá bá mi sunkún nígbà tí ọ̀rọ̀ ọmọ mi dàrú, tó ń sọ pé, "Ta ló ṣe irú èyí sí wa?" Sí wa! Ẹ gbọ́ ọ o.

Mo ṣubú lulẹ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó wá jókòó síbẹ̀ lónìí." Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ohun tí mo sọ nìyẹn. Ọkùnrin náà kàn fà mí dìde.

Ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà kan tó mọ́lẹ̀ rekete. Mò ń tú àpò mi, mò ń wá ohun tí màá fi hàn. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, wọlé. A kì í fi àmì mọ èèyàn níbí." Mo rí Ìyá Dèbórà, olórí aládùúrà wa tó ti sùn nínú Olúwa. Ó jókòó nínú ìtura, èèyàn ń wá kí i láti ọ̀nà jíjìn. Mo béèrè ohun tó ṣe. Ọkùnrin náà ní, "Ó gbọ́ àṣírí gbogbo wọn, kò sọ ọ̀kan." Ibẹ̀ tutù, mi ò fẹ́ kúrò. Ó ní kí n padà, ó ní, "Àga yẹn ṣì ṣófo. Ìdí tí mo fi hàn ọ́ nìyẹn."

Mo ta jí, ẹnu mi gbẹ táútáú, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Mo ti lọ bá Bùrọ̀dá Tóbi. Ó dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ mí, ó sì ti tún un ṣe, àmì náà á máa kú báyìí bí èèyàn bá ti dìde. Kí ìyá kankan má pariwo mọ́ o! Ẹ kúkú máa tẹ páàsìwọ́ọ̀dù yín, kí ẹ sì tẹ ibi tí wọ́n kọ "jáde" sí kí ẹ tó kúrò nídìí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Tèmítọ́pẹ́ ò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Títí di àárọ̀ yìí, ó gbà pé èmi ìyá rẹ̀ ni mo tú òun síta. Arábìnrin mi, mo rí ọ níbi tí o jókòó sí, tí o fi gèlè bojú. Mi ò ní pe orúkọ rẹ. Mi ò tíì dárí jì ọ́, mi ò lè purọ́ níwájú pẹpẹ. Ọmọ mi wà nílé báyìí, o mọ ọ̀nà ilé wa. Lọ sọ fún un pé ìwọ ni. Mo rí àga yẹn, mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná. Jọ̀ọ́, dìde, kí o máa lọ.